Àga Tó Wà Ní Kọ̀rọ̀ Yàrá

Ó gbé ẹ̀rọ tí dókítà máa ń fi kọ́rùn lé ẹ̀yìn bàbá náà, lórí ẹ̀wù. Kò ká ẹ̀wù sókè. Ó gbé e síbí, ó gbé e sọ́hùn-ún, ibi mẹ́rin ni mo kà, kò sì dúró níbì kankan kí bàbá tó mí sínú kí wọ́n sì mí síta tán. Lẹ́yìn náà ló fa pẹ́ẹ̀nì yọ, ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sí wàhálà kankan nínú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì.

Èmi jókòó sórí àga kan ní kọ̀rọ̀ yàrá, mò ń wò ó. Dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ni, ọdún kẹta rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ tó já fáfá ni. Tó bá ń ròyìn aláìsàn fún wa láàárọ̀, ńṣe ni gbogbo wa máa ń dákẹ́ gbọ́: ó mọ̀wé, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, kì í gbàgbé èsì àyẹ̀wò kankan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi fúnra mi ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù rẹ̀ pé ó mọ bí a ṣe ń yẹ àyà wò dáadáa. Ọjọ́ yẹn sì ni mo kọ́kọ́ fi ojú ara mi rí i níbi tó ti ń yẹ àyà ẹnikẹ́ni wò.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ó ṣì ń tì mí lójú: mo ti jẹ́rìí sí ohun tí n kò rí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ purọ́. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é ni.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ á lọ bá aláìsàn ní òun nìkan, á bi í léèrè ọ̀rọ̀, á yẹ ara rẹ̀ wò, á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá di àárọ̀, àwa ọ̀gá á dé, a ó tò yí ibùsùn ká, òun á wá ròyìn. Ìròyìn yẹn la fi ń mọ irú dókítà tó jẹ́. Tí ìròyìn bá lọ gaara, a ó ní dókítà náà mọṣẹ́. Tó bá ń kólòlò, tó ń wá èsì ẹ̀jẹ̀ nínú àpò, a ó wo ara wa lójú. Ẹnu là ń gbọ́, a kò rí ọwọ́. Mo mọ àwọn kan tí ìròyìn wọn kò já geere rí, àmọ́ tí màmá tó ti di kunkun fún ọjọ́ mẹ́ta máa ń lanu bá sọ̀rọ̀ kété tí wọ́n bá ti fa àga sún mọ́ ibùsùn. Máàkì kékeré ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. Nọ́ọ̀sì mọ̀ wọ́n, aláìsàn mọ̀ wọ́n. Àwa tí a mú pẹ́ẹ̀nì dání ni kò mọ̀.

Ní ọdún 1990, George Miller, ará Amẹ́ríkà kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú lórí bí a ṣe ń kọ́ dókítà, ya àwòrán òkè kan tó ní ìpele mẹ́rin. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ènìyàn mọ nǹkan. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀kẹta ni kó ṣe é kí àwọn ẹlòmíì rí i. Ṣóńṣó orí rẹ̀ ni ohun tó ń ṣe gan-an lẹ́nu iṣẹ́ lójoojúmọ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣètò ìdánwò. Ìwé ìdánwò lè wọn méjì ìsàlẹ̀. Ìpele kẹta, Ronald Harden àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dundee, nílẹ̀ Scotland, ti wá nǹkan ṣe sí i láti 1975, pẹ̀lú ìdánwò OSCE tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ láti ibùdó kan sí òmíràn, tí agogo ń lù, tí olùdánwò dúró tì í pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ṣóńṣó yẹn ni kò ní ọ̀nà àbùjá. Àfi kí ẹnìkan lọ jókòó, kó wò.

Ọ̀dọ́kùnrin tí mò ń sọ yìí, níwájú olùdánwò, mo lè búra pé á ká ẹ̀wù sókè. Ó ti ṣe é rí, ó sì yege. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n.

Feedback ni wọ́n ń pe ohun tí à ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn tí a bá wò ó tán. Èmi máa ń pè é ní àbọ̀ nínú ọkàn mi. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ló ń jábọ̀. Ojú la rán. Ojú tí kò wá kúrò nílé, àbọ̀ wo ló fẹ́ jẹ́? Tí mo bá rántí àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ yìí láti ìgbà pípẹ́ wá, "O ń gbìyànjú," "Túbọ̀ máa kàwé," "Mú ọkàn le díẹ̀ sí i," kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mi ò lè sọ fún ẹni tí n kò rí rí láyé mi.

Mo rò pé jíjókòó ló máa rọrùn jù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, n kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kí n tó ba nǹkan jẹ́. Dókítà obìnrin kan ń bi aláìsàn léèrè nípa orí fífọ́. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń bọ̀ wá síbi ìbéèrè tó ṣe pàtàkì; mo mọ̀ pé ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n n kò lè mú un mọ́ra. Mo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu: "Ṣé ó máa ń jí yín lójú oorun?" Aláìsàn náà yí sí mi. Kì í ṣe orí nìkan ló yí o. Èjìká, orúnkún, gbogbo ara ló kọ sọ́dọ̀ mi. Láti ìgbà yẹn, tí ọmọbìnrin náà bá béèrè nǹkan, èmi ni aláìsàn ń dá lóhùn. Dókítà rẹ̀ di akọ̀wé wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo, mo ti gba aláìsàn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí ti wọ̀ wá lẹ́jẹ̀, òun gan-an ló ń tì mí dìde lórí àga. Kò sì burú. Ohun tí mi ò kì í bi ara mi léèrè ni bóyá orí ọmọ náà wọ́ lóòótọ́, àbí bí ìyá rẹ̀ ṣe pọ̀n ọ́n ni kò jọ bí èmi ṣe máa ń pọnmọ.

Mo wá dọ́gbọ́n sí i. Kí n tó jókòó, mo máa ń kí aláìsàn, mo máa ń sọ fún un pé, "Dókítà yín nìyí. Iṣẹ́ ni èmi wá wò, ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí." Mo máa ń gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí màá ti rí ojú àwọn méjèèjì, tí ojú aláìsàn kò sì ní ṣe kòńgẹ́ tèmi àfi tó bá dìídì yíjú. Ẹ̀yìn dókítà kọ́ ni kí ẹ jókòó sí. Mo ti ṣe é rí, orí mi ni aláìsàn ń wò láti òkè èjìká rẹ̀, bí ẹni tó ń wo aago ara ògiri. Mo pa fóònù. Mo mú pépà kan dání, mo fa ìlà sí i láàárín: ohun tí mo rí tàbí tí mo gbọ́ lápá ọ̀tún, ohun tí mò ń rò lápá òsì. "Kò bìkítà," apá òsì nìyẹn. "Màmá ń nu ojú, kò gbé orí sókè nínú fáìlì," apá ọ̀tún nìyẹn. Apá ọ̀tún nìkan ni mo máa ń kà fún un. Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí apá òsì ṣe máa ń kún tó lọ́jọ́ tí mi ò bá sùn dáadáa.

Mo ti dìde lẹ́ẹ̀kan ṣá. Dókítà kan béèrè bóyá oògùn kankan wà tí ara aláìsàn kì í gbà. Ìwé ló ń kọ nígbà tó béèrè. Obìnrin náà kò fọhùn. Ó kàn fi ọwọ́ họ apá títí dé ọrùn, ó sì mi orí, bí ẹni pé gbogbo ayé ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Dókítà gbọ́ ìdákẹ́jẹ́, ó kọ ọ́ pé "kò sí." Ìgbà tó wá kọ amoxicillin, oògùn tó wá láti ìran pẹnisílíìnì, mo dìde, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, kí lẹ fẹ́ sọ nípa ara yín lẹ́ẹ̀kan?" Pẹnisílíìnì ti mú ara wọn lé yánnayànna rí. Irú ìyẹn, kò sí ìlànà tó ní kí ènìyàn jókòó.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ẹni tí à ń wò kò ní ṣe bó ṣe ń ṣe. Òótọ́ ni, fún bí ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àìsàn á gba ọkàn wọn, wọ́n á gbàgbé mi. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ lé orí ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ níṣojú mi, ó ti gbàgbé mi pátápátá nìyẹn.

Fọ́ọ̀mù tí à ń lò jáde láti Amẹ́ríkà, ní àárín ọdún 1990 sí 2000, lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn oníṣègùn inú ara ní ìwé ẹ̀rí. Tẹ́lẹ̀, ọ̀gá kan á wo dókítà kan lọ́dọ̀ aláìsàn kan fún nǹkan bíi wákàtí méjì, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó tán. John Norcini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ẹni tó ṣe dáadáa lọ́dọ̀ ẹni tó ní àrùn ọkàn lè ṣubú lọ́dọ̀ ẹni tó ní ọgbẹ́, àti pé ọ̀gá kan kì í rí ohun tí òmíràn rí. Wọ́n gé e kúrú: bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20, lọ́pọ̀ ìgbà, aláìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí á sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mini-CEX lorúkọ rẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ló wá ń pòórá, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni ìtìjú wà. Máàkì ló ń kù.

Máàkì yẹn, láti ení dé ẹ̀sán ni. Ẹẹ́rin sí ẹẹ́fà túmọ̀ sí pé ó tẹ́ni lọ́rùn. Láti eéje sókè, ó ta yọ. Ẹ wo àwọn fọ́ọ̀mù tí èmi kọ: eéje, eéje, eéje, ẹẹ́jọ, eéje. Gbogbo wọn ta yọ. Eéje ni owó ìtanràn tí à ń san kí a má baà bá ẹnikẹ́ni jókòó sọ̀rọ̀. Edward Thorndike, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti rí apá kan nínú àrùn yìí ní 1920, lára àwọn ọ̀gá ológun tó ń fún ọmọ ogun wọn ní máàkì: ẹni tí wọ́n bá gbà pé ó dára nínú nǹkan kan, wọ́n á fún un ní máàkì rere nínú gbogbo yòókù. Ọmọ tí ìròyìn àárọ̀ rẹ̀ dùn, mo ti fún un ní eéje fún yíyẹ àyà wò. Ahọ́n rẹ̀ ni mo fi wọn etí rẹ̀.

Bí a ó ṣe wá sọ ọ́ ńkọ́? Jack Ende kọ àpilẹ̀kọ kan lórí rẹ̀ ní 1983 tí àwọn olùkọ́ dókítà ṣì ń tọ́ka sí. Ohun tó dì mí mú nínú rẹ̀ ni pé ìdájọ́ yàtọ̀ sí àbọ̀. Ìdájọ́ ń sọ ibi tí ènìyàn dé. Àbọ̀ ń sọ ohun tó ṣe, nígbà tó ṣì lè tún un ṣe. Avraham Kluger àti Angelo DeNisi wá kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 1996, kì í ṣe ti dókítà nìkan, wọ́n rí i pé nínú èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ńṣe ni àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ fún ènìyàn tún mú iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ sí i. Àlàyé wọn ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò lórí iṣẹ́ tó bọ́ sórí ẹni náà fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ ló máa máa gbèjà.

N kò nílò ìwádìí láti gba ìyẹn gbọ́. Nígbà tí èmi náà ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá kan da fáìlì mi sílẹ̀ níwájú aláìsàn, nọ́ọ̀sì, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́fà, ó ní ta ló sọ fún mi pé mo lè ṣe dókítà. Ó ní ìdí tó fi bínú. Mo ti gbàgbé láti wo ẹsẹ̀ aláìsàn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà. Mo kọ́ wákàtí tí ọ̀gá yẹn máa ń dé, àti ilẹ̀kùn tí ènìyàn lè gbà jáde kó má baà pàdé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí n tó máa rántí ẹsẹ̀.

Nítorí náà èmi bọ́ sí apá kejì: mo máa ń fi ìyìn bẹ̀rẹ̀, màá fi ìbáwí sáàárín, màá fi ìyìn pa á dé. Ó ṣe tán, à ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Lọ́jọ́ kan, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yin dókítà kan, mo rí i tó ń mi orí, kò gbọ́ nǹkan kan. Mo bi í pé kí ló dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. 'Ṣùgbọ́n' ni mò ń dúró dè." Mi ò tún ṣe é mọ́.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí kò lẹ́wà. Mo máa ń ka ohun kan tí mo rí, ọ̀kan péré, màá wá bi í ní ìbéèrè kan, màá sì dákẹ́.

Dókítà obìnrin kan ń sọ fún bàbá kan pé kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó sọ ọ́ ní gbólóhùn tó yé ni, ohùn rẹ̀ tutù. Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ ara wọn. Ọmọbìnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe é, iye ìgbà lọ́sẹ̀, ibi tí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ sí. Bàbá ṣì ń wo ọwọ́. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀ láìmí. Lẹ́yìn náà, a bọ́ sínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn sí, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Nígbà tí o sọ fún wọn, wọ́n wo ọwọ́ wọn. Ìwọ sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí ìyẹn. Kí lò ń rò lásìkò yẹn?"

Mo ti múra àlàyé sílẹ̀ nípa bí a ṣe ń fi ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀ fún ènìyàn. Ó dúró pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, sà. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n máa bi mí bóyá àwọn máa kú."

Àlàyé tí mo múra sílẹ̀, mo gbé e jù nù. Kò sí àyè fún irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú fọ́ọ̀mù, kò sì sí bí mo ṣe lè rí i láti orí àga mi. Ojú mi rí ìṣẹ́jú mẹ́ta ọ̀rọ̀, mo sì ti pè é ní àìmọ̀-ọ́n-ṣe. A jọ jókòó sórí àwọn aṣọ ibùsùn yẹn, a sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ènìyàn lè sọ tí wọ́n bá béèrè. Ọjọ́ kejì, ó padà lọ bá bàbá náà. Èmi kò tẹ̀ lé e.

Ká padà sórí ẹlẹ́wù. Mo sọ ohun tí mo rí fún un: ibi mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ lórí ẹ̀wù. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ó ń hanrun. Ó ní, "Sà, bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn pọ̀, àwọn mẹ́tàlá ṣì wà níta." Mo dákẹ́. Ó tún ní, "Mi ò mọ̀gbà tí mo bẹ̀rẹ̀." Ẹni tó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Mo ní ká padà. Bàbá tú bọ́tìnnì, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ kò dùn tó ni. Ó gbé ẹ̀rọ náà lé ara wọn, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó dúró. Ó ní kí wọ́n tún mí. Ó dúró pẹ́. Ìró wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi ìka méjì ra irun ara rẹ̀ lẹ́bàá etí. Mo rí i ní ojú rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ó gba fáìlì, ó fa ìlà lórí ohun tó kọ tẹ́lẹ̀, ó kọ òmíràn.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo sọ fún un pé kí òun náà wá gba àga mi fún ọjọ́ kan. Mo ti ń sọ fún wọn nípa ìwádìí Beckman àti Frankel, ní 1984, tí wọ́n fi ẹ̀rọ gba ohùn dókítà àti aláìsàn sílẹ̀, tí wọ́n rí i pé bíi ìṣẹ́jú-àáyá 18 ni dókítà máa ń jẹ́ kí aláìsàn fi sọ̀rọ̀ kó tó dá a dúró. Mo máa ń sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Ó jókòó ní kọ̀rọ̀, ó pa fóònù, ó fa ìlà sí àárín pépà.

Nígbà tí mo yẹ bàbá kan wò tán, a lọ sínú yàrá aṣọ ibùsùn. Ó ti ilẹ̀kùn. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Ó ka apá ọ̀tún: "Sà, bàbá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá kí ẹ tó bi wọ́n léèrè nípa ikọ́. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan kan nípa ìyàwó wọn." Ó gbé ojú sókè. "Kí lẹ̀ ń rò lásìkò yẹn, sà?"

N kò rántí pé bàbá náà dárúkọ ìyàwó kankan. Mo gba pépà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún un kà, mo sì padà sínú wọ́ọ̀dù lọ bi wọ́n.